Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè Harz, Láìsí Mọ́tò

Ìbéèrè tó dé lórí àwọn ìlú ìwakùsà Òkè Harz ní Jámánì pọ̀ lóṣù yìí. A kó àwọn tó jọra pọ̀ sójú kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Goslar, ká gbé kẹ̀kẹ́ wa sọ̀kalẹ̀, ká sì gùn ún lọ sí Clausthal-Zellerfeld. Nínú máàpù, ọ̀nà tó lọ tààrà kò tó kìlómítà 20. Ṣé ká gba ibẹ̀?

Ẹ má gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ rí yẹn ni B241. Goslar ga tó nǹkan bíi mítà 250 ju ojú òkun lọ, ọ̀nà náà sì gun òkè Auerhahn tó ga ju mítà 600 lọ, láàárín nǹkan bíi kìlómítà 10 péré. Ẹ ó máa fi gíà tó kéré jù rá pálá, àwọn ọkọ̀ agbégi àti alùpùpù á sì máa fẹ́ yín létí.

Tí ẹ bá dé Goslar, ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan wo Rammelsberg tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó lé ní 1,000 ọdún tí wọ́n fi wa fàdákà, bàbà, òjé àti síńkì níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n tì í ní 1988. UNESCO fi òun àti ìlú àtijọ́ náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 1992. Òkúta róbótó-róbótó ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀, nítorí náà ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ tí òjò bá ti rọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìhà Seesen, kí ẹ sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Langelsheim, ìdúró kan péré. Ibẹ̀ ni rélùwéè àfonífojì odò Innerste ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà kan rí, tó ń gba Lautenthal àti Wildemann gòkè lọ sí Clausthal. Ọdún 1976 ni ó gbé èrò kẹ́yìn. Wọ́n ti hú irin rẹ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì ti gba púpọ̀ nínú ojú ibi tó ń gbà. Ọkọ̀ ojú irin tó di ẹrù kò lè gun ibi tó dàgẹ̀rẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó là á fi fọ̀nà ká òkè dípò kí wọ́n dojú kọ ọ́. Àǹfààní iṣẹ́ wọn ló kan ẹsẹ̀ yín lónìí: láti Langelsheim dé Clausthal, ẹ ó gòkè tó nǹkan bíi mítà 330 nínú nǹkan bíi kìlómítà 25. Ìyẹn ni pé mítà 13 lẹ ó gùn nínú 1,000. Ní B241, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ojú irin àtijọ́ o. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá ti yà kúrò, ẹ ó rí ìgòkè kúkúrú tó le. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ wà láwọn ibì kan, táyà tó fẹ̀ tó milimítà 40 ló sì bá a mu. Tíńrín tí wọ́n fi ń sáré á máa yọ̀. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun ìwakùsà tí ẹ lè yà wò. Tí ẹ bá gbọ́ “19-Lachter-Stollen” ní Wildemann, ihò ìwakùsà ni Stollen, òṣùwọ̀n àwọn awakùsà sì ni Lachter, nǹkan bíi mítà 1.92.

Eyín 42 ló wà lára gíà iwájú kẹ̀kẹ́ mi, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 28. Èmi, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù jẹ́ kìlógíráàmù 100. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pààrọ̀ gíà, mo ní ara mi le. Ta ló jàre?

Ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ pín 42 sí 28, ó jẹ́ 1.5. Ẹsẹ̀ táyà yíká kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 2.2, nítorí náà pẹ́dàlì kan yíká gbé yín lọ mítà 3.3. Tí ẹ bá ń yí i ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 12 láàárín wákàtí. Lórí ìgòkè tó ń ga ní mítà 8 nínú 100, ó gba wáàtì bíi 290 lẹ́sẹ̀ yín. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ déédéé ló lè dúró ti èyí fún ìdajì wákàtí. Ẹ ó wá máa yí i díẹ̀díẹ̀, orúnkún á sì gbà á.

Ẹ fi eyín 26 síwájú, 36 sẹ́yìn. Ó jẹ́ 0.72, nǹkan bíi kìlómítà 5.7 láàárín wákàtí, wáàtì bíi 135 ló sì gbà. Ara tó le á gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè eyín tó tóbi jù tí ẹ̀rọ ìyí-gíà ẹ̀yìn yín lè gbà. Tí apá rẹ̀ bá kúrú, 36 á máa ha á. Ṣéènì tuntun gbọ́dọ̀ bá eyín ẹ̀yìn tuntun rìn, torí ṣéènì tó ti jẹ á máa fò lórí rẹ̀. Láti wọn gígùn rẹ̀, ẹ gbé ṣéènì yí eyín tó tóbi jù níwájú àti lẹ́yìn ká láìgba inú ẹ̀rọ ìyí-gíà, kí ẹ fi ojú 2 kún un, kí ẹ sì gé e. Èyí tó kúrú jù ló burú, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá yí gíà sí tóbi-tóbi, ó lè fa ẹ̀rọ náà ya.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn ń rùn, ó sì ń pariwo.

Ẹ dì í mú títí ni. Kìlógíráàmù 100 tó sọ̀kalẹ̀ mítà 300 láìjẹ́ kó yára ń sọ agbára di ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti se omi lítà kan hó. Tí ẹ bá ń dẹ ọwọ́, atẹ́gùn á gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì pọ̀, kó le, kó má pẹ́, kí ẹ tú u sílẹ̀. Kí ẹ sì dẹwọ́ eré kí ẹ tó wọ kọ́nà. Bíréèkì iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù. Tó bá jẹ́ èyí tó ń mú ríìmù, ooru rẹ̀ lè bẹ́ tíúbù.

Ariwo yẹn ni pé ojú páàdì ti dán bíi gíláàsì. Ẹ tẹ́ sándípépà sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ojú páàdì ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Èyí tí òróró bá ti kan, ẹ sọ ọ́ nù. Kí ojú páàdì tó tẹ́rẹ́ ju milimítà 1 lọ lẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mú ìkejì dání.

Ṣé a lè gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kòtò omi àtijọ́ tí wọ́n ń sọ nípa wọn? Ṣé omi ibẹ̀ ṣeé mu?

Adágún omi 107, kòtò omi tó gùn ní kìlómítà 310 àti ihò abẹ́ ilẹ̀ kìlómítà 31 ló wà nínú ètò omi náà. Wọ́n fi í kún àkọsílẹ̀ UNESCO ní 2010. Àwọn awakùsà ló gbẹ́ wọn kí omi lè yí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń fa omi jáde nínú ihò ìwakùsà. Ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́jú gan-an, ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn rí tóóró, gbòǹgbò igi kún un, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló sì ni ín. Àmì róbótó funfun tó ní òrùka pupa àti kẹ̀kẹ́ nínú ni “kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gba ibí”. Nínú Páàkì Orílẹ̀-Èdè Harz, ọ̀nà tí wọ́n yàn nìkan ni kí ẹ gùn.

Ẹ máa gbójú sókè pẹ̀lú. Láti 2018, ọ̀dá àti kòkòrò abẹ́ èèpo igi ti pa ọ̀pọ̀ igi, àwọn tó ti gbẹ sì ń wó. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá le, ẹ má wọ àárín wọn.

Ní ti omi Innerste, rárá. Òjé àti cadmium (irin olóró kan) tí wọ́n ń fọ̀ jáde látinú òkúta ìwakùsà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé lítà 2, kí ẹ sì pọn kún un ní ìlú.

Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì mi kárí kẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin?

Deutschlandticket, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún ọkọ̀ agbègbè jákèjádò Jámánì, kò kárí rẹ̀. Ẹ ra ti kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀. Èyí tó ṣeé ká, tí ẹ bá ti ká a, ẹrù lásán ni. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ àti ìyá tó ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ló ni ààyè náà kí ẹ tó dé. Ní ti bọ́ọ̀sì òkè, awakọ̀ lè ní kò sáyè, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún ìpadàbọ̀.