Oògùn ọ̀rá fún limfómà: ṣé kí ẹ̀gbọ́n yín fi kẹ́mò sílẹ̀?

Ẹ kú aájò ẹ̀gbọ́n yín o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé wọ́n ti gba kẹ́mò ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́fà fún limfómà, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan inú ẹ̀jẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní DLBCL. Èébì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Ẹnì kan wá gbé ìgò òróró kan dé, ó ní ọ̀rá àtọwọ́dá tí wọ́n fi epo ólífì ṣe ní Sípéènì ni, ó ń yọ́ kókó, kì í sì í jẹ́ kí irun re. Ẹ wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni ìwádìí ọ̀hún, àti bóyá kí wọ́n fi í rọ́pò kẹ́mò tó kù.

Òótọ́ ni pé ìwádìí wà. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìgò yẹn kọ́ ni wọ́n ṣèwádìí lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi kẹ́mò sílẹ̀.

Ojú mi ti rí tó, ni mo ṣe ń sọ ọ́ gbangba báyìí. Limfómà tèmi, irú tó máa ń rọra rìn ni, fọlíkúlà ni wọ́n pè é. Kókó so sí mi lọ́rùn àti lábíyá, ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ ní ikọ́ ife ni, wọ́n fi oògùn ikọ́ ife kún inú mi fún ọ̀pọ̀ oṣù, kókó kò mira. Dókítà mìíràn ló ní kí wọ́n gé odidi kókó kan jáde, kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Mo gba ìtọ́jú, ó lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó tún yọjú. Ìgbà tó yọjú lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni mi ò lè sùn mọ́, tí ọmọ mi tó wà ní Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá ìwé ìwádìí, á máa kà á fún mi lórí fóònù lálẹ́, a ó máa jiyàn lé e lórí. Ibẹ̀ la ti bá àwọn oògùn ọ̀rá pàdé.

Èyí tí oníṣòwò yẹn gbọ́ nípa rẹ̀, ìlú Palma ní erékùṣù Mallorca ló ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pablo Escribá àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ibẹ̀ mú oleic acid, ìyẹn ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú epo ólífì, wọ́n so ọ́síjìn kan mọ́ ọn nítòsí orí rẹ̀. Ó di 2-hydroxyoleic acid, tí wọ́n tún ń pè ní Minerval tàbí LAM561. Ọ́síjìn kan péré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lára sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń ta epo ólífì ní orúkọ Minerval, ẹ̀gẹ́ tútù ló gbé fún àlejò tó ní kí wọ́n bu gàrí fún òun.

Bí àwọn oògùn ọ̀rá ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kẹ́mò tí a mọ̀, inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún ló ń lọ, ó ń ba ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín sí méjì jẹ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tó ń yára pín lára èèyàn ló ń jìyà rẹ̀: irun, ìfun, ẹ̀jẹ̀. Àwọn oògùn ọ̀rá, awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń há sí. Ọ̀rá ló pọ̀ lára awọ yẹn, orí rẹ̀ sì ni àwọn purotéènì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà tàbí kó kú jókòó sí. Bí ọ̀rá ibẹ̀ bá yí padà, àṣẹ tí wọ́n ń pa náà á yí. Ní 2009, àwọn ará Palma fi hàn nínú láàbù pé Minerval ń jẹ́ kí purotéènì kan tó ń jẹ́ DHFR lọ sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. DHFR yìí kan náà ni methotrexate, oògùn jẹjẹrẹ tó ti pẹ́, ń dojú kọ. Ìgbà tí ọmọ mi kà á débẹ̀, mo ní kó tún un kà.

Ṣùgbọ́n àwọn wo ni wọ́n fún ní Minerval lò? Àwọn tó ní kókó inú ọpọlọ àti àwọn jẹjẹrẹ mìíràn tó ń di kókó nínú ẹ̀yà ara, tó sì ti le. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Wọ́n ń pò ó mu, 12 gíráàmù lóòjọ́, tí wọ́n pín sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ sì mọ ohun tó dà wọ́n láàmú jù? Ìgbẹ́ gbuuru, inú rírùn àti èébì. Èébì tí ẹ̀gbọ́n yín ń sá fún gan-an! Àwọn onílimfómà kọ́ ni wọ́n sì ń dán an wò fún.

Èyí tó sún mọ́ limfómà jù ú lọ ni edelfosine. Òun ti wà tipẹ́. Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi fọ mùdùnmúdùn eegun àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rí kí wọ́n tó dá a padà sí wọn lára. Ní 2010, Faustino Mollinedo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Salamanca gbin limfómà èèyàn, irú tó ń jẹ́ mantle cell, sára eku, wọ́n ń fún àwọn eku náà ní edelfosine lẹ́nu, kókó sì ń sún kì. Wọ́n rí i pé oògùn náà ń kó ara jọ sí àwọn ojú ibi kéékèèké tí ọ̀rá ti dì jọ lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ló ti ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pa ara rẹ̀. Ìròyìn tó dùn ni. Àmọ́ eku ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò sí ilé oògùn tí ẹ máa wọ̀ kí wọ́n tà á fún yín fún limfómà.

Àbúrò rẹ̀, miltefosine, jẹjẹrẹ náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní Jámánì láàárín ọdún 1980 sí 1989. Bí wọ́n bá gún un sí iṣan, ó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e mì, inú ò gbà á. Kò ṣeé lò fún jẹjẹrẹ inú ara bí wọ́n ṣe rò. Àìsàn mìíràn pátápátá ló wá sọ ọ́ di oògùn: leishmaniasis, èyí tí kòkòrò eṣinṣin iyanrìn ń gbé ká, ní Íńdíà ní 2002, lẹ́yìn náà ní Amẹ́ríkà ní 2014. Perifosine, ọ̀kan mìíràn lára ìdílé wọn, ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá já wọn kulẹ̀ ní 2012.

Ọ̀kan tí mò ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni iopofosine ti iléeṣẹ́ Cellectar ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rá àtọwọ́dá ni òun náà, ṣùgbọ́n wọ́n so áyódìnì 131 tó ń tàn ìtànṣán mọ́ ọn lára, kí ọ̀rá náà lè gbé ìtànṣán lọ bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó máa fà á mọ́ra. Àwọn tó ní Waldenström, ọ̀kan lára ìdílé limfómà, tí oògùn mìíràn ti sú, ni wọ́n dán an wò fún, ó sì ju ìdajì wọn tí àìsàn náà lọ sílẹ̀ gan-an. Kì í ṣe DLBCL o, kì í sì í ṣe nínú ìgò òróró.

Mi ò ní kí ẹ fọwọ́ rọ́ ìrètí dànù. Oògùn tí wọ́n fi tọ́jú mi nígbà tí limfómà padà wá, bendamustine, Jámánì Ìlà Oòrùn ni wọ́n ti ṣe é láti nǹkan bí 1963, Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di 2008. Edelfosine náà lè jí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n yín ni kò ní àsìkò tí yóò fi dúró dè é, torí DLBCL kì í rọra rìn bíi tèmi. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé R-CHOP, ìyẹn àpapọ̀ kẹ́mò tí wọ́n sábà ń fi tọ́jú rẹ̀, ń wò ó sàn pátápátá fún èyí tó ju ìdajì lọ lára àwọn tó gbà á pé. Ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì kò sí lára àwọn tí mò ń wí.

Ọ̀rọ̀ èébì ló kù. Mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, vincristine, ọ̀kan lára oògùn kẹ́mò, jẹ́ kí ìka mi kú débi pé mi ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fa rituximab, oògùn tí R inú R-CHOP dúró fún, sí mi lára, òtútù gbé mi lójijì, mò ń gbọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì ń pariwo. Nọ́ọ̀sì ti dírípù pa, ó gún mi lábẹ́rẹ́, nígbà tó tún ṣí i, ó ní kó máa kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Èébì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Oògùn èébì, kí kẹ́mò tó wọlé ni wọ́n ń fún èèyàn, kì í ṣe ìgbà tí èèyàn bá ti gbé báàfù mọ́ àyà. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè fi olanzapine kún ondansetron àti dexamethasone. Ìyàtọ̀ tó ṣe fún mi, ọ̀sán sí òru ni. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti yẹ hẹpatáítìsì B wò lára wọn, torí rituximab lè jí i dìde bó bá ń sùn nínú ẹ̀dọ̀, ó sì pọ̀ lára àwa ọmọ Nàìjíríà. Bí ara wọn bá gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ẹni tó gbé ìgò wá, ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní ìwádìí ni, ẹ ní kó mú ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí wá, àti orúkọ ọsibítù tó ń ṣe é. Ìwádìí gidi kì í ta oògùn tí wọ́n ń dán wò fún aláìsàn. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà wọn mọ̀ bí wọ́n bá ti mu nínú ìgò náà, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀dọ̀ wò kí dírípù tó tún wọlé.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló wà láàárín kẹ́mò kan sí èkejì. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá ti kọjá, ẹ pe ọsibítù lónìí, kí wọ́n fún yín lọ́jọ́ mìíràn.