Akoto tòkunbọ̀ fún ọlọ́kadà: ẹ má rà á

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá akoto tòkunbọ̀ tó fún àbúrò yín tó fẹ́ máa gun ọ̀kadà láti Mọ́níyà lọ sí Ṣàngó n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹni tó ti fi orí gbá títì rí ló ń sọ ọ́.

Ike ìta tó ń dán yẹn kọ́ ló ń gba orí là. Fóòmù líle tó wà láàárín ike àti aṣọ inú ni. Tí orí bá gbá ilẹ̀, fóòmù á rún, rírún yẹn ló ń gba agbára tí ì bá wọ ọpọlọ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló lè rún, kì í wú padà. Akoto lè ti ṣubú gan-an ní ìlú òyìnbó, kí ike rẹ̀ ṣì máa dán, kí ẹni tó ń tà á sì máa búra fún yín. Kò mọ̀, ẹ̀yin náà kò lè mọ̀. Tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ wá lẹ́tà E tó wà nínú àmì róbótó, àmì pé akoto náà yege ìdánwò ààbò, tí wọ́n sábà máa ń rán mọ́ okùn àgbọ̀n. Ayédèrú àmì wà o, nítorí náà ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ tìmùtìmù rírọ̀ nìkan lẹ bá kí ẹ tó kan ike, ẹ dá a padà fún un.

Kó há a lórí díẹ̀. Ẹ so okùn, kí ìka méjì péré lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá di ẹ̀yìn akoto mú, kí ẹ fà á síwájú. Tó bá bọ́, ó tóbi jù.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto, tí àwọn kan ń de igbá àti ike ọ̀dà mọ́rí, ohun tí àwọn tó ń dá ọ̀kadà dúró ń wò kò ju bóyá nǹkan wà lórí lọ. Ta ló ń fa okùn wò? Akoto tí a kò so á ti fò lọ kí orí tó dé ilẹ̀. Èrò ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ dé tirẹ̀, kó sì so ó.

Bíréèkì, táyà, iná: mẹ́káníìkì á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ tírélà ni kí ẹ bá àbúrò yín sọ dáadáa. Tí kò bá rí ojú dírẹ́bà nínú dígí tírélà, dírẹ́bà kò rí òun náà. Tí tírélà bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ gba òsì, àlàfo á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún, ọlọ́kadà á rò pé ọ̀nà là. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í tọ ipa ti iwájú, inú kọ́nà gan-an ló ń gé gbà, àlàfo náà á sì pa dé mọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Kó dúró sẹ́yìn títí tí yóò fi yà tán.

Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán, epo tó ti lẹ̀ mọ́ títì á yọ̀ ju ìgbà tí òjò ti rọ̀ pẹ́ lọ. Kó rọra.

Ẹni tó bá máa gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, kó gba ọwọ́ òsì gùn ún, torí ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Ìró àti gèlè kò gbọ́dọ̀ máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nítòsí ṣéènì. Tó bá sì di pé àbúrò yín ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ òsì títì ni kó gbà, kí ọkọ̀ máa kọjú sí i, nítorí ọ̀tún là ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Tó bá fẹ́ sọdá, kó wo òsì, kó wo ọ̀tún, kó tún wo òsì, kódà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, torí àwọn tó ń gba wọn-wéè kì í fun fèrè.