Oúnjẹ ẹni tó wà lórí kímò: ṣúgà, gàrí àti àgbo

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ ní láti ìgbà tí kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹbí ti ní kí Màmá má jẹ ṣúgà, ẹran àti ẹ̀bà mọ́, pé ṣúgà ló ń bọ́ jẹjẹrẹ, àti pé omi ewé soursop ni kí wọ́n máa mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé wọn.

Gbogbo ara ló ń lo ṣúgà, jẹjẹrẹ nìkan kọ́. Tí èèyàn ò bá jẹun, ẹran ara rẹ̀ ni ara á máa yọ́ lò. Lóòótọ́, sísanra jù àti ọtí máa ń fa àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le nìyẹn. Rírù ni kí ẹ máa bẹ̀rù báyìí. Ẹ máa gbé wọn sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Bí ẹni 60 kílò bá fi 3 kílò rù láàárín oṣù kan, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń gbé ẹran ara ró, ni kó pọ̀: gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìyẹn 72 sí 90 fún ẹni 60 kílò, àyàfi bí kídìnrín bá ní wàhálà. Ti inú ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, nítorí náà ẹ fi ẹja, ẹran àti ẹ̀wà kún un. Ìkọ́kọrẹ́ dára púpọ̀ nítorí ewùrà rọrùn láti gbé mì. Ẹ ṣa egungun ẹja kúrò, ẹ rún ẹja náà sínú rẹ̀, ẹ má ṣahun epo pupa, ẹ sì yọ ata kúrò bí ẹnu bá ti bó. Ẹni tó bá sọ pé ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní ata kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́, ẹnu tirẹ̀ kọ́ ló bó. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òórùn oúnjẹ gbígbóná ló ń ru èébì sókè. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ sàn ju àwo ńlá kan tí wọ́n á tì sẹ́yìn.

Fún egbò ẹnu, ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ọ̀kan baking soda nínú omi lítà kan. Kí wọ́n fi yọ ẹnu, kí wọ́n tu ú dànù.

Gàrí Ìjẹ̀bú ni kí wọ́n má rẹ mu ná. Kíkan rẹ̀ máa ń ta egbò ẹnu, ọjà gbangba ló sì ti wá, omi tútù ò lè pa kòkòrò. Ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kímò ni ẹ̀jẹ̀ funfun, tó ń bá kòkòrò jà, sábà máa ń kéré jù. Ẹ̀bà omi híhó kò burú. Ẹ̀pà tó bá ti hunjọ tàbí tó ti bu, ẹ dà á nù. Yíyan kì í pa májèlé inú rẹ̀ tán, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́.

Àgbo lè sọ oògùn di líle jù tàbí kó sọ ọ́ di aláìlágbára, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́. Kò sí ìwádìí lára èèyàn tó fi hàn pé ewé soursop ń wo jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá ti mu ún, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Bí ara bá gbóná dé 38°C, ẹ má fi parasitamọ́ọ̀lù bò ó mọ́lẹ̀ di òwúrọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ alẹ́, ì báà ṣe Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ wà tàbí Ìkẹ́nnẹ́.