Má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ní?", bi wọ́n pé "títí di aago mélòó?"

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ dáadáa. O ní láti London lẹ ti ń bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba, ìwọ, màmá ẹ tí wọ́n ti lé ní 75, àtàwọn ọmọ ẹ méjì, o ti rí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan l'Ìjẹ̀bú-Òde tí fọ́tò ẹ̀ dùn ún wò, púùlù wà ńbẹ̀, jíìmù wà ńbẹ̀, bírékífáàsì ọ̀fẹ́, iná wákàtí mẹ́rìnlélógún, o wá ń bèèrè pé ṣé kó o san owó òru mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ará rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí wa, tó wà lókè òkun gba yàrá láti bí ọdún méje báyìí. Kò sẹ́ni tó yàn mí sípò o, mo bá ẹnì kan ṣe é lọ́dún kan ni, ló bá di tèmi. Èébú tí mo ti jẹ lórí ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, àgbò Iléyá ò jẹ koríko tó o. Torí náà ní sùúrù kó o gbọ́ tẹnu mi kó o tó ṣe tíránsífà.

Gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, òótọ́ ni, wọ́n ní i. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Púùlù wà, jíìmù wà, ìkọ́kọrẹ́ wà nínú mẹ́nù, ẹ̀rọ omi gbígbóná wà lára ògiri bálùwẹ̀, àmọ́ gbogbo wọn ló ní wákàtí tiwọn, àwọn ọmọ rísẹ́pṣọ̀n ò sì ní parọ́ fún ẹ, ohun tó o bá bi wọ́n náà ni wọ́n á dá ẹ lóhùn. O ní ṣé ẹ ní púùlù, wọ́n ní a ní i mà, o dúpẹ́, o gbé fóònù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ní "aago mélòó lẹ máa ń ṣí i, aago mélòó lẹ máa ń tì í, ta ló lè wọ̀ ọ́?", wàá gbọ́ bí ohùn wọn ṣe máa yí, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká bi máníjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti iná. 2024, Tuesday ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ọdún tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì kan yẹn, mo gba yàrá mẹ́rin ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò bàbá mi obìnrin tí wọ́n wá láti Amẹ́ríkà, Àǹtí Houston la máa ń pè wọ́n. Mo ti bi hòtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù pé ṣé iná máa ń wà, ọmọ tó gbé e ní "twenty-four hours, mà". Aago méjì àbọ̀ òru, fóònù mi dún, Àǹtí ni, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Orí táìlì bálùwẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, ìró nìkan ni wọ́n ró mọ́ àyà, mẹ́nù hòtẹ́ẹ̀lì, èyí tó ní ẹ̀yìn aláwọ, ni wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn. Gílóòbù ń tàn o. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. A.C. ló dákẹ́. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo bá ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ òru lórí kọ́ńtà, ó gbé orí lé apá. Ó ní, "Mà, iná wà. Aago méjì la máa ń pa jẹnẹrétọ̀ kó lè sinmi di aago márùn-ún, ìńfátà ló ń gbé e, ìńfátà ò sì lè gbé A.C." Kí ni mo fẹ́ sọ? Iná wà lóòótọ́, wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo padà sókè, mo lọ ṣí fèrèsé fún Àǹtí, ẹ̀fọn wọlé.

Nítorí náà, ohun tí wàá bi wọ́n ni pé tí wọ́n bá mú iná ìjọba lọ láago mẹ́ta òru, kí ló ń gbé A.C. yàrá mi? Bi wọ́n bóyá orí Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná ìjọba jù, ni wọ́n wà pẹ̀lú, torí látìgbà tí wọ́n ti gbé owó Band A sókè ní April 2024, ogún wákàtí ó kéré tán ló yẹ kí wọ́n máa rí lójúmọ́, ìyẹn á dín iye wákàtí tí wọ́n á fi máa wo ojú dísẹ́ẹ̀lì kù. Àwọn mìíì ti gbé sólà sórí òrùlé, kò burú, bi wọ́n ohun tí sólà náà ń gbé. Omi gbígbóná kì í ṣe nǹkan ìjà, tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ní kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá fún màmá. Wi-Fi, ra dátà. Jíìmù, ta ló fẹ́ wọ jíìmù lọ́jọ́ Ojúde Ọba? Ìrìn tẹ́ ẹ máa rìn láti ibi tí mọ́tò bá já yín sí dé iwájú ọba ti tó jíìmù ọ̀sẹ̀ kan.

Ó kan oúnjẹ àárọ̀. "Ọ̀fẹ́" tí wọ́n kọ yẹn, èèyàn méjì ni fún yàrá kan, kúpọ̀nù méjì ni wọ́n á fún ẹ, ẹ̀yin sì jẹ́ mẹ́rin, bi wọ́n iye tí wọ́n ń gbà lórí ọmọdé, hòtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní ti ẹ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Aago méje sí mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń gbé bùfé sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ńkọ́, láti aago márùn-ún ìdájí ni ẹni tó ń di gèlè ti ń lọ láti yàrá dé yàrá, tó bá fi máa di aago méje géérégé, gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì tú sínú yàrá oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń din ẹyin. Páànù kan, gáàsì olójú kan. Èèyàn bí ọgbọ̀n tò síwájú ẹ̀ nínú aṣọ òkè àti dàmáskì, ó wá ń bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan, "Alùbọ́sà ńkọ́? Tòmátò ńkọ́? Ṣé kí n jẹ́ kó pọ́n?" Ọ̀gbẹ́ni, dín in! Epo ta sí èjìká ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa, sányán tuntun, kò tíì lò ó rí (tó o bá rí fọ́tò wa ọdún yẹn, òun lẹni tó fọwọ́ bo èjìká òsì bí ẹni tí eegun ń dùn). Nígbà tó máa fi kàn mí, ó ku búrẹ́dì, ẹ̀wà inú agolo àti wọ́tàmẹ́lọ̀n.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń lọ bá kúùkù fúnra ẹ̀, mi ò kí ń bá rísẹ́pṣọ̀n sọ ọ́, torí wọn kì í jíṣẹ́. Mo máa ní ẹ bá wa di ti yàrá wa sínú páàkì, ká rí i gbà láago mẹ́fà, ẹyin sísè, búrẹ́dì, sọ́séèjì, ohun tó bá ṣáà ti wà. Mo máa fi nǹkan há a lọ́wọ́. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Wàyí o, ìkọ́kọrẹ́. O kọ ọ́ pé màmá ẹ ti ń dárúkọ ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, o sì ti rí i nínú mẹ́nù wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwé àdúrà ni mẹ́nù hòtẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n ń tọrọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Pa á dé, pe wétà, bi í pé kí ló wà lórí iná nísinsìnyí. Á sọ fún ẹ: jọ̀lọ́ọ̀fù, fíráìdì ráìsì, ẹ̀gúsí, adìẹ. Ìkọ́kọrẹ́, ọjọ́ Sunday nìkan, tàbí tó o bá ti sọ láti àná.

Àwa sọ láti àná. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n gbé e wá, nínú abọ́ funfun pẹrẹsẹ, wọ́n ha kárọ́ọ̀tì lé e lórí. Àǹtí Houston fi ṣíbí kàn án. Wọ́n tún un kàn. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. Kò sí kókó kankan nínú ẹ̀! Ó ń dán bíi kọ́sítádì. Wọ́n ti da ewùrà sínú bìléńdà, wọ́n wá rò ó bí ẹni ń ro ògì fún ọmọ ọwọ́. Ṣé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè, ńṣe ló máa rin ewùrà náà, á máa fọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀ sínú ata àti epo tó ti ń hó, á fi sílẹ̀ kó jinná kó tó fọwọ́ kàn án, torí kókó yẹn lẹnu ń wá, òun ló ń jẹ́ kó o mọ̀ pé iṣu lò ń jẹ. Ẹ̀bà tí wọ́n gbé tì í, inú ọ̀rá ló wà, èéfín ń jáde lára ẹ̀. Ẹ̀bà gbígbóná! Mo ní kí wétà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tutù, ọmọ yẹn ní, "Mà, ṣé kò gbóná tó ni, ṣé kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀?" Ọmọ ibòmíì ni, mi ò bá a wí, ẹni tí kò bá dàgbà sí Ìjẹ̀bú, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀bà tútù ni ìkọ́kọrẹ́ ń bá rìn.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀nà ọjà Òkè-Ajé lọ, mo lọ bá ìyá tí màmá mi ti ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo ra tèèyàn mẹ́rin, ẹja gbígbẹ ńlá ńlá nínú ẹ̀, pọ̀nmọ́. Ìyá ọkọ mi tó jẹ́ ará Ìkẹ́nnẹ́ náà ti fi èbìrìpò, oúnjẹ tí wọ́n ń fi kókò ṣe, ránṣẹ́ (àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ tún ní àwọn ló ni ọbẹ̀ ayamáṣe, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sí nínú ìjà yẹn). Ìgbà tí mo dé géètì hòtẹ́ẹ̀lì, sẹ́kúrítì ní wọn kì í gbé oúnjẹ ìta wọlé. Mo ní oògùn màmá àgbà ni. Ó ṣí ìdérí kúlà, òórùn epo lù ú nímú, ó wò mí, ó ní, "Oògùn yìí ń ta sánsán, mà." Ó jẹ́ n kọjá ṣá. Bi wọ́n nípa oúnjẹ àti ọtí ìta kó o tó sanwó, torí àwọn kan máa ń gba owó lórí ìgò kọ̀ọ̀kan tó o bá gbé wọlé, tó o bá sì fẹ́ gba àlejò, ó lè le ju owó ọtí gan-an lọ.

Púùlù, torí àwọn ọmọ. Lọ dúró létí ibi tó jìn jù, tó ò bá rí táìlì ìsàlẹ̀ kedere, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, torí ọmọ tó bá rì síbẹ̀, ojú ò ní rí i. Má sì jẹ́ kí òórùn tó ń ta nímú tàn ẹ́ pé omi mọ́, kílórìn tó bá ti pàdé òógùn àti ìtọ̀ ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Bi wọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní sẹ́kúrítì ni, ìwọ ni kó o jókòó ti àwọn ọmọ. Alẹ́ Ojúde Ọba, etí púùlù yẹn náà ni DJ máa tò sí, kò sì ní parí ṣáájú aago méjì, nítorí náà yàrá ẹ̀yìn ni kó o ní o fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó. Iye tí wọ́n pè fún ẹ, bi wọ́n bóyá VAT ti wà nínú ẹ̀, 7.5% nìyẹn, àti sáfíìsì ṣáàjì tí hòtẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ń bù lé e. Tí yàrá bá jẹ́ ₦100,000, tí sáfíìsì jẹ́ 10%, òru mẹ́ta, ó kéré tán ₦52,500 ni wọ́n máa yọ sí ẹ nígbà tó o bá ti gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Má san òru mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, oṣù ló sì ń gbé Iléyá kiri. 2025, Friday 6 June ni Iléyá, Ojúde Ọba wá bọ́ sí Sunday 8. Tí oṣù bá yẹ̀ ní ọjọ́ kan, yàrá tó o ti sanwó ẹ̀ ò ní yẹ̀ tẹ̀lé e àyàfi tó o bá ti ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp. Ẹnu ò tó. San òru kan fi dì í mú, òru kejì tó o bá dé, òru kẹta ní tìẹ, mi ò ní sùn ún l'Ìjẹ̀bú-Òde rárá, màá kọjá sí Ṣàgámù, ibẹ̀ ni ọ̀nà wa ti já sí ti Èkó sí Ìbàdàn, ẹ máa rí oorun sùn, ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú á sì ti kúrú fún yín láàárọ̀.

Ti màmá ẹ ló kù. Yàrá ilẹ̀ ni kó o gbà fún wọn, kó dà bíi pé o ò rí i pé lífìtì wà. Láàárín ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, ibi tí lífìtì bá wà ló máa dúró sí. Àǹtí Houston lo bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ nínú ẹ̀, àwọn àti wétà tó ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran ewúrẹ́ lọ sí yàrá ẹlòmíì lókè. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹran méjì ti dín nínú abọ́ yẹn. Àǹtí ní ẹ̀rù ló bà wọ́n.