"Treacle", "mercury", "graines": bí a ṣe ń mọ ohun tí orúkọ oògùn inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Leeds ni mo ń gbé. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń bá àwọn kan da ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kọ sórí kọ̀ǹpútà, láìgba owó. Èyí tí wọ́n fún mi báyìí jẹ́ ìwé oògùn ìdílé kan láti nǹkan bí ọdún 1660. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́, àwọn èròjà tí wọ́n ń dárúkọ ni kò yé mi: "treacle", "dragons", "crabs eyes", "mercury", "graines", àti àmì kan tó dà bíi 3 tó ní ìrù. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí wọ́n jẹ́? Ìyá mi tún ní kí n bá òun da èyí tó wà fún ikọ́ kọ, òun fẹ́ dán an wò. Treacle wà nínú rẹ̀. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Màmá lóhùn. Ó léwu, kí wọ́n má dán an wò. Ìdí rẹ̀ sì wà nínú treacle tí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ yẹn gan-an.

Treacle tí Màmá mọ̀ ni omi ṣúgà dúdú tó ki, èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo, tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Nínú ìwé ọdún 1660, nǹkan mìíràn ló sábà máa ń jẹ́. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó jẹ mọ́ ẹranko ẹhànnà ló ti wá, torí pé aporó ni, oògùn ẹni tí ejò bù ṣán. Nígbà tó fi di ohun tí àwọn apòògùn ń tà káàkiri Yúróòpù lábẹ́ orúkọ "Venice treacle", èròjà tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 60. Ẹran paramọ́lẹ̀ wà ńbẹ̀. Ópíọ̀mù náà wà ńbẹ̀, oògùn líle tó ń kun èèyàn lóorun. Wọ́n ń lò ó fún ikọ́, fún inú rírun, fún àìróorunsùn, fún àjàkálẹ̀ àrùn. Ópíọ̀mù yẹn máa ń mú ikọ́ rọlẹ̀ lóòótọ́, òun kan náà ló sì lè dá èémí èèyàn dúró. "London treacle" náà wà, èyí tí kò wọ́n tó ti Venice. Tí ẹ bá tún wá rí "poor man's treacle", ẹ má wulẹ̀ wá paramọ́lẹ̀ kankan: aáyù ni. Ní 1745, dókítà kan tó ń jẹ́ William Heberden kọ ìwé kékeré kan láti fi bẹnu àtẹ́ lu àpòpọ̀ yìí, àmọ́ ó di 1788 kí àwọn dókítà London tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òfin oògùn wọn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí ẹ kò rí rí kì í ṣe ìṣòro, ẹ ó wá a lọ ni. Èyí tí ẹ rò pé ẹ ti mọ̀ ló máa gbé yín ṣubú. Ó lè jẹ́ pé "receipt" ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ Èkó tó bá rí i, rìsíìtì ọjà ló máa rò. Nígbà yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni àlàyé bí a ṣe ń se oúnjẹ tàbí bí a ṣe ń po oògùn.

Ó kan àmì tó ní ìrù. Kì í ṣe 3. Ìwọ̀n ni, "dram" ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, torí ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo da odindi ojú ìwé mẹ́rin kọ, gbogbo ʒ ni mo sọ di 3. ʒij, ìyẹn dram 2, wá di "3ij". Mo jókòó, mò ń ronú irú èèyàn tó ń wọn nǹkan ní mẹ́ta-méjì. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó kàn fa bírò pupa yọ, ó yí gbogbo rẹ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá a padà fún mi.

Bí ìwọ̀n àwọn apòògùn ṣe tò nìyí. "Grain" ló kéré jù, ó jẹ́ nǹkan bíi mílígírámù 65. Grain 20 ló ń jẹ́ "scruple" kan, ℈ ni àmì rẹ̀. Scruple 3 jẹ́ dram kan, ìyẹn ʒ, kò tó gírámù 4. Dram 8 jẹ́ "ounce" kan, ℥, nǹkan bíi gírámù 31. Ounce 12 ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan, kì í ṣe 16 bíi ti alápatà. Iye tó wà lẹ́yìn àmì náà, lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: j ni 1, ij ni 2, iij ni 3. Wọ́n máa ń fa ìrù i tó kẹ́yìn wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rọra fi òmíràn kún un. "ss" ni ìdajì. "ana" tàbí "aa" túmọ̀ sí pé iye kan náà ni kí ẹ mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí wọ́n ti dárúkọ ṣáájú.

Mo fi èyí ṣáájú torí pé ìwọ̀n ló sábà máa ń tú àṣírí orúkọ. Ẹ wo "mercury". Ẹ ó rò pé mẹ́kúrì ni, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n tún ń pè ní "quicksilver", tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ kan nígbà náà, tó sì ń ká eyín ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé mélòó kan náà ń jẹ́ mercury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀kan wà tí wọ́n ń jẹ bí ẹ̀fọ́, ọ̀kan wà tí wọ́n fi ń fọ inú, ọ̀kan tún wà tó jẹ́ májèlé. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ní ẹ̀kúnwọ́ kan, "handful", tàbí lẹ́tà M nìkan, ewé ni. Kò sẹ́ni tó ń bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́kúrì sínú ìkòkò. Lẹ́tà p ni ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú, òdòdó tàbí irúgbìn ni wọ́n sábà ń fi wọ̀n. Bí ó bá wá jẹ́ grain tàbí scruple ni wọ́n kọ, ẹ fura: nǹkan líle ni, tàbí májèlé, tàbí ohun tó wọ́n gógó.

Níbi tí "graines" ti ń dá èèyàn lágara gan-an nìyẹn, torí nǹkan mẹ́ta ló lè jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìkejì ni kòkòrò kékeré kan tó ń lẹ̀ mọ́ ara igi óákù ní ìhà Mẹditaréníà, tí wọ́n ń gbẹ tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró pupa, tí wọ́n sì ń fi sínú oògùn ọkàn. Ó rí roboto bíi hóró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni "graines of paradise". Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì díẹ̀.

Ataare wa ni. Ẹ já ọ̀kan, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ ó rí hóró kéékèèké tí ẹ̀yìn wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí inú wọn funfun. Ohun kan náà ló ń wà nínú àpótí apòògùn ní London. Àwọn ará Yúróòpù ti ń rà á gba inú aṣálẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi Potogí tó dé etíkun wa ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Oníṣòwò wo ló máa sọ pé inú igbó lòun ti ká ọjà òun, nígbà tó lè sọ pé Párádísè ni? Etíkun Liberia òde òní pàápàá, orúkọ ataare ni wọ́n fi pè é nínú àwòrán ayé wọn: Grain Coast, etíkun hóró. Àwọn dókítà ayé ìgbà yẹn máa ń sọ nípa gbogbo èròjà bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, bóyá ó gbẹ tàbí ó rin, wọ́n á sì fún un ní ipò láti 1 dé 4. Ataare wà lára àwọn tó gbóná, ẹni tí inú rẹ̀ "tutù" ni wọ́n ń fún. Wọ́n ń fi sínú wáìnì, wọ́n ń fi sínú bíà. Nígbà tó di 1816, òfin Britain kọ̀ ọ́ fún àwọn tó ń pọn bíà: ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, £200 ni owó ìtanràn rẹ̀. Òfin yẹn dárúkọ "grains of paradise", ó sì tún dárúkọ "Guinea pepper" lọ́tọ̀. Ẹ má lọ rò pé ataare ni Guinea pepper náà ní gbogbo ibi o. Nínú ìwé ewéko John Gerard ti 1597, ata tó wá láti Amẹ́ríkà, ata tí à ń lọ̀ sọ́bẹ̀ yìí, ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ ó tún rí i níbòmíràn tí wọ́n lò ó fún ẹ̀ẹ̀rù.

"Dragons" kò le. Ewéko ni, igi rẹ̀ lámì tótòtó bí awọ ejò. Wọ́n máa ń sè é, wọ́n á gba oru rẹ̀ padà bí omi, omi yẹn ni wọ́n ń fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn mú. Bí "blood" bá tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ti yí padà: oje igi pupa ni, èyí tó lókìkí jù ń wá láti erékùṣù Socotra, ìdádúró ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún.

Àmọ́ "crabs eyes" ni mo fẹ́ kí ẹ fi tìṣọ́ratìṣọ́ra ṣe. Kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe ti akàn. Òkúta funfun kékeré ni, inú ikùn ẹ̀dá odò kan tó jọ edé ńlá ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná fún ẹni tí àyà ń ta, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí èròjà kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ "crab's eye" sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, èso pupa tó ní ojú dúdú lẹ máa rí, Abrus precatorius, èyí tí àwa ń pè ní ojú ológbò. Májèlé burúkú ni, èso kan péré tí wọ́n bá jẹ lẹ́nu lè pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ kan náà, oògùn àyà títa níbí, ikú lọ́hùn-ún. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu ṣá. Ta ló gbọ́ "imí eṣú" lẹ́nu ìyá elégbògi tó lọ ń wá eṣú?

Àwọn ìràwọ̀ náà wà níbẹ̀, torí orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe irin oríṣiríṣi. Saturn ni òjé, Mars ni irin, Venus ni bàbà, Jupiter ni tánganran, òṣùpá ni fàdákà, oòrùn ni wúrà. "Sugar of Saturn" dùn bíi ṣúgà lóòótọ́, òjé ni, ó sì ń pani díẹ̀díẹ̀. "Crocus martis" kò ní saffron, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó ń wá láti ara òdòdó crocus, kankan nínú, irin tó dípẹtà ni.

Ní ti bí ẹ ṣe máa wá ìtumọ̀: ẹ da ọ̀rọ̀ kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, ẹ má tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè, torí etí ni wọ́n fi ń kọ̀wé nígbà yẹn. "Isop" kò ní yé ojú yín, àmọ́ etí yín máa gbọ́ hyssop, orúkọ ewé kan. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford máa sọ ọdún tí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ fún yín, ẹ pa èyí tó bá dé lẹ́yìn 1660 tì. Fún ewéko, ẹ lọ sọ́dọ̀ Gerard, àti John Parkinson ti 1640. Fún àpòpọ̀ oògùn, Nicholas Culpeper ni mo máa kọ́kọ́ ṣí. Ìwé òfin oògùn tí àwọn dókítà London tẹ̀ ní èdè Látìnì ní 1618 ló túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1649 láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, inú sì bí wọn gidi. Ìwé tí àwọn ìyálé ilé lè kà ni, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti inú rẹ̀ bọ́ sínú irú ìwé ìdílé tó wà lọ́wọ́ yín. Ilé ìkàwé Wellcome Collection ní London àti ti Folger ní Washington ti gbé ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi tiyín wé tiwọn.

Ẹ bá mi ya fọ́tò ibi tí "graines" wà, kí ìlà méjì tó ṣáájú rẹ̀ àti méjì tó tẹ̀ lé e hàn dáadáa. Bí clove àti ginger bá wà nítòsí rẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ataare ni.