Ẹ̀rọ tó ń ṣa ìdọ̀tí kì í fọ̀ ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà. Mo fẹ́ dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣa ike, agolo àti páálí kúrò lára ìdọ̀tí inú ilé. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún mi sọ pé bí mo bá ti ra èyí tó ní kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, kí àwọn èèyàn máa da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan ni, ẹ̀rọ á yà á. Kámẹ́rà wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Ìbéèrè yìí ti fẹ́ sú mi, ẹni tó ń tajà ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀.

Kò purọ́ tán. Ẹ̀rọ yìí ń tan ìtànṣán infrared, tí ojú wa ò lè rí, sí ohun tó ń kọjá lórí bẹ́líìtì. Bí ike kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá a padà yàtọ̀ síra, òun ló fi ń mọ PET, tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, yàtọ̀ sí PVC, tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Kíá ni atẹ́gùn á fẹ́ ẹ sí ibi tirẹ̀.

Àmọ́ ojú nìyẹn o. Páálí tó ti mu epo àti omi oúnjẹ nínú àpò àdàpọ̀, ẹ̀rọ á mọ̀ pé páálí ni, á yà á sọ́tọ̀ dáadáa, ẹni tó ń ra páálí á sì dá a padà fún yín. Ọkọ̀ ìdọ̀tí á ti tẹ àpò náà pa, gíláàsì á ti fọ́ mọ́ ohun gbogbo. Kọ̀ǹpútà wo ló fẹ́ tú ìyẹn ká? Ike dúdú tún wà níbẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń gbé ìtànṣán náà mì, ẹ̀rọ ò sì ní rí i. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ńkọ́? Ṣe ló máa ń wé mọ́ ọ̀pá tó ń yí, àfi kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí èèyàn wá fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Bátìrì fóònù tó bá sì fọ́ lórí bẹ́líìtì lè gbiná. Mo ti rí i rí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́.

Agolo ò le tó bẹ́ẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì á fa ti irin. Ti alumíníọ̀mù, tí mágínẹ́ẹ̀tì ò lè fà, ẹ̀rọ eddy current, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí kíákíá, á ta á dànù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

N kò tíì rí ìdọ̀tí tiyín, nítorí náà ẹ má torí ìdáhùn yìí nìkan ra ohunkóhun. Ẹ kó àpò mẹ́wàá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣà á, kí ẹ wọn ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ wá kó irú ìdọ̀tí yẹn gan-an lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kó dán an wò lójú yín, kì í ṣe ìgò tó ti fọ̀ sílẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò.