Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí ló pín 4,294,967,297?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n fún ọmọ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kó wá gbogbo nọ́ńbà tó pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù. A gbìyànjú láti orí 2 dé 50, pàbó ló já sí. Ṣé práìmù ni, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan pín?

ÌDÁHÙN: Rárá o. 641 pín in, 6,700,417 ló sì jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200, lọ́nà 40, ó jẹ́ 268,016,680, lọ́nà 1, òun náà ni. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Kò yà wá lẹ́nu pé ẹ ò rí i. Ẹ gé nọ́ńbà náà ní mẹ́ta-mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀tún: 297, 967, 294, 4. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta jẹ́ 591. Ìkejì àti ìkẹrin jẹ́ 971. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 380. 7, 11 tàbí 13 kò pín 380, nítorí náà wọn ò lè pín nọ́ńbà ńlá náà (ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ nítorí pé 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13 jẹ́ 1,001). Ká ní kò sí èyí tó pín in ni, bí ẹ bá ń dán práìmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, 65,536 lẹ ó dé (lọ́nà ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nọ́ńbà náà) kó tó dá yín lójú, práìmù 6,542 ló sì wà lọ́nà.

Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló gbà pé práìmù ni. Bí irú nọ́ńbà yìí ṣe ń wá rèé. Ẹ mú 2, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ó di 4. 4 di 16. 16 di 256. 256 di 65,536. Ẹ fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257, 65,537. Práìmù ni gbogbo wọn. Èyí tó tẹ̀ lé wọn ni tiyín yìí, òun ló sì da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní 1732, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, fi 641 hàn gbangba.

Euler kan náà ló fìdí àbùjá tó dára jù múlẹ̀: práìmù yòówù tó bá pín nọ́ńbà yìí, bí ẹ bá pín práìmù ọ̀hún sí ọ̀nà 64, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Àwọn tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni 193, 257, 449, 577 àti 641. Ẹ fi wọ́n pín nọ́ńbà yín: 193 ṣẹ́ku 109. 257 ṣẹ́ku 2. 449 ṣẹ́ku 325. 577 ṣẹ́ku 288. 641 kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Ẹ ò rí i, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré!

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìṣirò kékeré: èyí tí ojú rẹ̀ gba òǹkà mẹ́jọ kò lè gba mẹ́wàá. Ti fóònù yóò gbé 22253716.5647668 jáde fún 193. Ẹ fi 193 sọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà di púpọ̀, ẹ ó rí 109, bó tilẹ̀ lè fi bíńtín dín. Bí ọmọ bá sì ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó lo àyè 64-bit, tó gba nọ́ńbà tó tóbi ju ti 32-bit lọ. Nínú 32-bit, 4,294,967,295 ni òpin, nọ́ńbà yín yóò kàn di 1.

Ó ku 6,700,417. Ìlànà 64 yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò, láti 641 dé 2,588. Ẹ ò ní rí èyí tó pín in, práìmù ni. Nítorí náà mẹ́rin ni kí ọmọ kọ sílẹ̀: 1, 641, 6,700,417 àti 4,294,967,297.